Àbúrò mi ní òfin Amẹ́ríkà ò mú òun mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹ́rílándì ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá dá àbúrò mi ọkùnrin dúró lójú títì. Ó ti yọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, ó wá fi páálí kan dípò rẹ̀ tí wọ́n kọ PRIVATE – NOT FOR HIRE sí. Dípò kó mú láísẹ́ǹsì jáde, ìwé kan tó rà ní 900 dọ́là ló nà sí ọlọ́pàá. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ, wọ́n sì fún un lọ́jọ́ kóòtù. Ó ní òun ò gba lọ́yà, pé “sovereign” lòun, òfin tí òun ò bá fọwọ́ sí kò lè mú òun. Ó ti fi “Bey” kún orúkọ bàbá wa, bàbá wa tó hun òfì títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn! Ó ní kí èmi náà má san owó orí mọ́, pé owó kan wà tí ìjọba tọ́jú sórúkọ mi. Gírín káàdì ló ṣì ń lò o, kò tíì di ọmọ onílùú. Ṣé òótọ́ kankan tiẹ̀ wà níbẹ̀? Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ kú ìdúró ti ọmọ ìyá yín. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: kò sí òótọ́ kankan nínú ìwé tí àbúrò yín rà. Láti kóòtù kékeré tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ títí dé àwọn kóòtù ńláńlá, ibi tí wọ́n bá gbé àròyé yìí dé ni wọ́n ti ń dà á nù. Ọjọ́ kóòtù ló ń dà yín láàmú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí ẹ sọ gbẹ̀yìn, ti gírín káàdì yẹn, òun ló kó mi láyà sókè jù. N óò dé orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó gbà gbọ́, torí bí ẹ bá bá a fà á láìmọ̀ ọ́n, ariwo lásán lẹ máa pa mọ́ra yín.

Àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní sovereign citizen. Lójú tiwọn, àdéhùn ni gbogbo òfin, ẹni tí kò bá sì fọwọ́ sí àdéhùn, kò dè é. Wọ́n ní èèyàn méjì ló wà nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ni ẹni ẹlẹ́ran ara tó ń jẹun tó ń sùn, ìkejì ni òjìji kan tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé ìbí rẹ. Òjìji yìí ló ni orúkọ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ńláńlá kọ sórí láísẹ́ǹsì àti ìwé kóòtù. Òun ló jẹ gbèsè, òun ló yẹ kó san owó orí, òun nìkan ni adájọ́ lè pè lẹ́jọ́. Bí èèyàn bá wá mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, tó mọ àmì tó yẹ kó fi sáàárín orúkọ rẹ̀, tó sì fi yíǹkì pupa tẹ̀ka síbi tó tọ́, ó ti já lọ́wọ́ òjìji náà nìyẹn. Ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Kí lèyí jọ létí yín? Létí tèmi, ọfọ̀ ni. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ á dárúkọ nǹkan, á sọ ibi tí nǹkan ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá, nǹkan náà á sì jẹ́ ẹ lóhùn. Mi ò fi ọfọ̀ ṣẹ̀sín o, a bá a nílé ni. Àmọ́ ẹni tó ra ońdè mọ̀ pé ońdè lòun rà. Àbúrò yín rò pé òun ra òfin. Gbogbo ohun tó mú òfin lágbára ni pé adájọ́, ọlọ́pàá, báǹkì àti àwa yòókù jọ gbà á, a sì jọ ń tẹ̀lé e. Bí ó ti wù kí ìwé lẹ́wà tó, bí kóòtù ò bá gbà á, bébà ni.

Apá kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ́ wọn pé bí adájọ́ bá bi wọ́n pé “Do you understand?”, kí wọ́n ní rárá. Wọ́n ní “stand under” ló fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá ti ní ó yé òun ti gbà láti dúró lábẹ́ adájọ́. Ó dáa, bí wọ́n bá pe ògbufọ̀ Yorùbá wá ńkọ́? Ògbufọ̀ á wo ojú àbúrò yín, á ní, “Ṣé ó yé yín?” Ta ló wá dúró sábẹ́ ta nínú ìyẹn? Agbára tó ń pòórá bí wọ́n bá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè míì, ẹ má bá a dé iwájú adájọ́.

Mo ti rí i bó ṣe máa ń lọ. Láwọn ọdún kan sẹ́yìn, mo jókòó sí kóòtù kan, mò ń dúró de ẹjọ́ oníbàárà mi, wọ́n pe ọkùnrin kan. Kò kọjá igi tó pààlà láàárín èrò àti tábìlì àwọn lọ́yà, torí wọ́n ti sọ fún un pé bó bá kọjá rẹ̀, ó ti wọnú ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Ó nàka sí àsíá, ó ní ìṣẹ́tí wúrà tó wà létí rẹ̀ fi hàn pé kóòtù ojú òkun ni. Ó ní kí adájọ́ mú àdéhùn tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí jáde. Adájọ́ yìí jẹ́ obìnrin àgbà kan, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Sà, ṣé ẹ ní láísẹ́ǹsì lọ́jọ́ náà àbí ẹ ò ní?” Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ látorí àsíá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo rẹ̀ parí, ó jẹ̀bi. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá níta tó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀ ṣírò owó tí ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí ti ń kà lé wọn lórí lójoojúmọ́. Ẹni tó ta ìwé fún wọn ò sí nítòsí. Wọn kì í sí nítòsí. Ní ọdún 2012, adájọ́ kan ní Alberta, ní Kánádà, John Rooke, kọ ìdájọ́ kan nínú ẹjọ́ Meads v. Meads tó lé ní ojú ìwé 150. Ẹjọ́ tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn ni, ṣùgbọ́n adájọ́ fi kó gbogbo àròyé wọ̀nyí jọ, ó tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nípa àwọn tó ń tà wọ́n: owó ni wọ́n ń pa, oníbàárà wọn ló ń fi orí fá a.

Ní ti àwáwí tí wọ́n tún ń kọ́ wọn láti fi sá fún láísẹ́ǹsì, pé “òun ò wakọ̀, ìrìn àjò lòun ń rìn”: Mẹ́rílándì yín gan-an ni wọ́n ti parí ìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 1910, ọkùnrin kan tó ń gbé Washington kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó wa mọ́tò ara rẹ̀ lọ sí Prince George's County, county tí àwa Yorùbá kún fọ́fọ́ lónìí. Kò ní ìwé ọkọ̀ ti Mẹ́rílándì. Wọ́n mú un. Ó ní Mẹ́rílándì ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wá láti ìlú míì, ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Kóòtù Gíga Jù Lọ. Ní 1915, nínú Hendrick v. Maryland, kóòtù náà ní ìpínlẹ̀ lè ní kí èèyàn fi orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ó lè ní kí awakọ̀ gba láísẹ́ǹsì, ó sì lè gbowó lórí rẹ̀, torí pé ọkọ̀ lè pààyàn, owó ni wọ́n sì fi ń ṣe títì. Ẹ̀tọ́ láti rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì wà lóòótọ́. Kí àbúrò yín wọ bọ́ọ̀sì, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó fẹsẹ̀ rìn, kò sẹ́ni tó máa ní kó gba láísẹ́ǹsì awakọ̀. Bó bá ti jókòó sídìí sítíárì ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Páálí tó fi sípò nọ́ńbà yẹn tún ní ewu tirẹ̀, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ní West Memphis ní Arkansas, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 16 tí wọ́n jẹ́ ọmọlẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí yìnbọn pa ọlọ́pàá méjì tó dá wọn dúró lójú títì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́pàá káàkiri láti dá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọlọ́pàá tó bá rí i kò ní í ronú pé amòfin lẹni yìí. Á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun, á sì gbé ọwọ́ sítòsí ìbọn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, lóru, tó ń ka ìwé mọ́ ọlọ́pàá lójú fèrèsé! Bí ẹ bá ti gba ọkọ̀ náà jáde, ẹ bá mi yọ páálí yẹn kúrò lára rẹ̀ kíá.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí mo rò pé ó lè wọ àbúrò yín létí ju ẹjọ́ ọdún 1915 lọ.

Àwọn òyìnbó kan tó kórìíra aláwọ̀ dúdú àti Júù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Posse Comitatus ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, láyìíká ọdún 1970. Lára àwọn àgbà rẹ̀ ni William Potter Gale, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wàásù pé àwọn aláwọ̀ funfun ni ọmọ Ísírẹ́lì tòótọ́. Wọ́n ní kò sí ìjọba kankan tó ga ju sheriff, olórí ọlọ́pàá àdúgbò, lọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, tí báǹkì ń gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ni wọ́n wá rí ọjà: wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń ta ìwé fún àgbẹ̀ tó ti rì sínú gbèsè pé gbèsè náà kì í ṣe gbèsè. Gordon Kahl, àgbẹ̀ kan ní North Dakota tó kọ̀ láti san owó orí, pa ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ méjì ní Medina ní 1983, òun náà sì kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Arkansas lọ́dún yẹn kan náà. Roger Elvick, tó wá láti agbo wọn, ló fẹ ọ̀rọ̀ òjìji yẹn lójú. Ó ní nígbà tí Ààrẹ Roosevelt já dọ́là kúrò lára góòlù ní 1933, àwọn èèyàn ni ìjọba fi dógò dípò góòlù, pé owó ńlá wà nílẹ̀ lórúkọ olúkúlùkù. Elvick fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Ibi tó dun ni nìyí. Ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, Kóòtù Gíga Jù Lọ ní aláwọ̀ dúdú, ì báà jẹ́ ẹrú, ì báà jẹ́ òmìnira, kò lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n jagun, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, wọ́n sì fi Àtúnṣe Kẹrìnlá kún ìwé òfin ilẹ̀ náà ní 1868: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tàbí tó gba ìwé di ọmọ ibẹ̀, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Gale àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá ní ọmọ onílùú oríṣi méjì ló wà. Àwọn òyìnbó ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kí òfin yẹn tó dé, Ọlọ́run ló fún wọn, òfin ìjọba ò sì mú wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí Àtúnṣe Kẹrìnlá sọ dọmọ, àwọn yẹn ni ìjọba ni, àwọn ni òfin de. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ń tẹ̀lé wọn bá kọ̀wé pé “èmi kì í ṣe ọmọ Àtúnṣe Kẹrìnlá”, ohun tí gbólóhùn náà túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni pé “èmi kì í ṣe dúdú.” Kí àbúrò yín ṣí ìwé 900 dọ́là rẹ̀. Kò ní í yà mí lẹ́nu bó bá bá gbólóhùn yẹn níbẹ̀, tí òun náà sì ti tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀. Òfin 1868 yẹn kan náà, níbi tó ti ní “tàbí tó gba ìwé di ọmọ ibẹ̀”, ni ilẹ̀kùn tó ń dúró de òun alára.

“Bey” tó fi kún orúkọ ńkọ́? Ìyẹn gba ojú ọ̀nà míì wá. Noble Drew Ali ló dá Moorish Science Temple sílẹ̀, ó sì gbilẹ̀ ní Chicago láwọn ọdún 1920. Ó kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pé Mòrókò ni orírun wọn, ó ní kí wọ́n fi El tàbí Bey kún orúkọ, ó sì fún wọn ní káàdì. Ẹni tí wọ́n ti gba orúkọ àti ìlú lọ́wọ́ baba ńlá rẹ̀, mi ò lè bá a wí bó bá ń wá orúkọ. Àmọ́ Drew Ali kọ́ wọn pé kí wọ́n pa òfin mọ́, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n yé na káàdì náà sójú àwọn òyìnbó. Ó kú ní 1929. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn míì wá pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé àwọn Posse, tí wọ́n tún fi àdéhùn Amẹ́ríkà pẹ̀lú Mòrókò ọdún 1786 lé e. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi àti òwò ló wà nínú àdéhùn yẹn. Temple náà ti ní àwọn ò mọ̀ wọ́n rí. Ní oṣù Keje 2021, wọ́n mú èèyàn 11 lára irú wọn lójú títì ńlá ní Wakefield, nítòsí Boston, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, lẹ́yìn tí títì ti di pa fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ṣùgbọ́n àbúrò yín! Ọmọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn, tó mọ ilé bàbá rẹ̀, tó mọ oríkì rẹ̀, kí ló ń wá lọ sí Mòrókò?

Bí ó bá dárúkọ owó tó wà nínú ìwé ìbí, ẹ bi í pé ìwé ìbí wo. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sílé, a mọ bí a ṣe gbà á: a ti dàgbà, físà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bùrọ̀dá kan bá wa lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Ṣé ọjọ́ yẹn ni Amẹ́ríkà ṣí àkáǹtì fún wa ní Ìsẹ́yìn? Ti lẹ́tà ńláńlá náà, kí ó wo sátífíkéètì WAEC rẹ̀.

Ó yá, gírín káàdì. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn olùtà ìwé yìí máa ń kọ́ni ni pé kí èèyàn kọ sínú ìwé owó orí pé “nonresident alien” (àjèjì tí kò gbé Amẹ́ríkà) lòun, kó lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí. Ọmọ onílùú tó bá ṣe é, fáìnì ló máa jẹ: IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, ní 5,000 dọ́là tó ń gbà lórí ìwé owó orí tó jẹ́ ìṣeré bẹ́ẹ̀, lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó orí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní gírín káàdì tó bá ṣe é ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun ò gbé Amẹ́ríkà, wọ́n sì lè sọ pé ó ti jọ̀wọ́ káàdì náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ di ọmọ onílùú, fọ́ọ̀mù N-400 máa bi í ní tààràtà bóyá ó ti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé owó orí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà dé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ló pa fún ìjọba àpapọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ní èyí bà mí lẹ́rù ju ẹjọ́ mọ́tò lọ. Ẹ wádìí lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ó ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Bó bá ti ṣe é, kí ó lọ bá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n àti ẹni tó mọ̀ nípa owó orí kí IRS tó kọ̀wé sí i, kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù 1040-X, èyí tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ìwé owó orí, tún un ṣe. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ máa san owó orí yín.

Bí ó bá tún ń halẹ̀ pé òun máa fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láti kọ gbèsè tí kò sí mọ́ ọlọ́pàá tó mú òun tàbí adájọ́ lọ́rùn, ẹ dì í mú. Bí ẹni tó kọ ọ́ mọ́ bá jẹ́ adájọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10.

Fún ọjọ́ kóòtù, ẹ tètè ṣe é. Bí kò bá yọjú, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú un wá. Bí ẹ̀sùn rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó lè dé ẹ̀wọ̀n, tí owó ò sì sí, Office of the Public Defender, àwọn lọ́yà tí ìjọba ń yàn fún ẹni tí kò lówó, wà fún irú rẹ̀. Ẹ lọ gba ọkọ̀ náà jáde, torí owó rẹ̀ ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Kí ó gba nọ́ńbà tòótọ́ ní MVA, iléeṣẹ́ ìwé ọkọ̀ ti Mẹ́rílándì, kí ó tún ìnṣọ́ránsì ṣe, kí ó sì kó ìwé wọn dání lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá dé iwájú adájọ́ pẹ̀lú ọ̀ràn tó ti ń tún ṣe, ojú àánú ni wọ́n sábà fi ń wò ó. Ìwé 900 dọ́là yẹn, kí ó má ṣe gbé e dé kóòtù rárá.

Kí ẹ tó bá a sọ gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iye tó jẹ. Ẹ má bi í níwájú ìyàwó rẹ̀ tàbí níwájú ìjọ. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí ẹyọ kan tí kò ní gbèsè kan tó ń fi pamọ́ fún ará ilé. Ó lè jẹ́ owó ilé, ó lè jẹ́ owó ìtọ́jú ọmọ, ó lè jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tó ti pọ̀ débi pé wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì lè sọ fún yín. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú ọ̀rọ̀ Gale jáde.